Ta ni Laurel àti Hardy, kí ló sì dé tí wọ́n ṣì ń dárúkọ wọn?

Aláwàdà méjì ni wọ́n nínú fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́: Stan Laurel, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ́ẹ́rẹ́, àti Oliver Hardy, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia tó sanra. Ní 1927 ni iléeṣẹ́ Hal Roach sọ wọ́n di méjì tó ń ṣeré pọ̀. Fíìmù tí wọ́n jọ ṣe lé ní 100.

Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ aláwàdà rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń gbèrú ni. Wọ́n tiẹ̀ tún fíìmù kan ṣe ní èdè Sípáníìṣì àti Faransé, èdè tí wọn ò gbọ́!

Ẹ wá The Music Box (1932) wò, òun ló gba Oscar. Dùùrù ńlá ni wọ́n ń gbé gun àtẹ̀gùn gígùn. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, á yọ̀ bọ́, ó di ìsàlẹ̀. Ẹnì kan wá sọ fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n dókè pé ọ̀nà ọkọ̀ wà. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ padà? Àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà ní Los Angeles, àwọn èèyàn ń lọ wò ó.

Hardy kú ní 1957, Laurel ò sì bá ẹlòmíì ṣeré mọ́ títí tó fi kú ní 1965. Bí Hardy ṣe máa ń wojú kámẹ́rà tí ọ̀rọ̀ bá sú u, àwọn aláwàdà tẹlifíṣọ̀n ṣì ń ṣe é. Mùsíọ́mù wọn wà ní Ulverston, ìlú tí wọ́n bí Laurel sí.