Ẹ Bi Wá: Ṣé Wọ́n Ń Gba Àlejò ní Midwest?

Àwọn òǹkàwé wa tó ń kó kúrò ní Texas, Maryland, Georgia àti New York lọ sí àárín orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń bi wá léèrè ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: irú ọwọ́ wo ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń gba ẹni tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá? Midwest tí à ń wí níhìn-ín kì í ṣe ti Benin àtijọ́ o. Ìpínlẹ̀ 12 ni: Ohio, Indiana, Illinois, Michigan, Wisconsin, Minnesota, Iowa, Missouri, Kansas, Nebraska àti Dakota méjèèjì. Ìwà wọn jọra, òfin wọn ò jọra, nítorí náà a ó máa dárúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kàn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti kó láti Houston wá sí ìlú kékeré kan ní Minnesota. Tọmọdé tàgbà ló ń kí wa. Aládùúgbò kan tilẹ̀ gbé àwo kéèkì wá lọ́jọ́ kejì tí a dé. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tíì pè wá wọlé rẹ̀. Ṣé a ti ṣẹ̀ wọ́n ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

Ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, mà. Ohun tí ojú yín rí yìí ni ojú ọ̀pọ̀ àlejò ń rí níbẹ̀, ìbáà jẹ́ dúdú, ìbáà jẹ́ funfun. Ìkíni àti ìrànlọ́wọ́ kì í wọ́n wọn. Ọ̀rẹ́ ṣíṣe ló ń pẹ́. Bí táyà yín bá jò lójú títì, ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí yóò dúró, yóò bá yín pààrọ̀ rẹ̀, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹni yẹn kan náà lè múlé tì yín fún ọdún méjì kó má tíì mọ orúkọ àwọn ọmọ yín.

Ní Houston, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ àtìpó bíi tiyín, kálukú ń wá ẹni tí wọn yóò jọ máa ṣe. Ní ìlú kékeré Minnesota tàbí Iowa, ẹni tó ti lé lógójì ọdún ṣì ń bá àwọn tí wọ́n jọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rìn, ìyá rẹ̀ ń gbé ní ojúlé kẹta, ọjọ́ Àìkú rẹ̀ sì ti ní ibi tó ń lọ. Kò kórìíra yín. Kò kàn wá sí i lọ́kàn pé ẹ ò ní ibi tí ẹ ó lọ ni. Ní St. Louis, ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ ara wọn ni pé, ilé-ẹ̀kọ́ girama wo lo lọ? Ní ìlú kéékèèké, wọ́n á bi yín pé ilé ta ni ẹ rà, orúkọ ẹni tó tà á fún yín ni wọn yóò sì máa pe ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má bínú sí i. Ẹ dáhùn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè nípa onílé àtijọ́ náà, ọ̀rọ̀ á gùn níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpè àti ọ̀rọ̀ ẹnu. “Ó yẹ ká jọ jókòó lọ́jọ́ kan” kì í ṣe ìpè; bíi “a ó máa ríra” tiwa ni. Ìpè tòótọ́ ní ọjọ́, ó ní aago. Ẹ̀yin ni kí ẹ fi ọjọ́ sí i: “Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, kọfí àti àkàrà, wákàtí kan péré.” Wákàtí kan yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò ní há. Wọ́n lè kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu, bí ọmọ tí a kọ́ pé kó sọ pé òun ti yó nílé onílé. Ẹ tún wọn pè. Ẹ má ṣe yà sílé wọn láìfi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú, bó ti wù kí ara yín yá mọ́ wọn tó. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́fà, mẹ́fà ni.

Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: oúnjẹ alẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, páńkéèkì àárọ̀ tí àwọn panápaná ìlú fi ń kó owó jọ, eré bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ girama, ọjà-ìpàtẹ káúńtì ní ìgbà ooru. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ máa lọ láìpa á jẹ fún oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má béèrè pé “Ṣé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́?” “Rárá, a dúpẹ́” ni wọn yóò wí. Ẹ béèrè pé “Àga wo ni kí n gbé?” Ẹni tó dúró kó àga jọ lẹ́yìn ayẹyẹ ni wọn yóò rántí orúkọ rẹ̀.

Wọ́n á ní kí ẹ gbé oúnjẹ wá, potluck nìyẹn. Páànù fọ́ìlì alábọ̀ kan ti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó fún èèyàn 10 sí 12, nítorí ṣíbí kọ̀ọ̀kan ni kálukú ń bù nínú gbogbo oúnjẹ tó wà lórí tábìlì. Ẹ má rò pé wọn ò fẹ́ràn tiyín. Ata rodo kan ṣoṣo tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ tó fún ìkòkò náà. Bí ó bá ta jù, wọn ò ní sọ. Wọn kàn ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ nígbà mìíràn. Ẹ kọ orúkọ oúnjẹ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí káàdì kékeré, pàápàá edé inú mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀pà, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ wọ́n lè dèrò ọsibítù. Ẹ mú ṣíbí ìbu-oúnjẹ tiyín dání. Ní ti àwo kéèkì ọjọ́sí, bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi nǹkan sí i, kí ẹ sì gbé e padà lọ́sẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwo yẹn ni wọ́n ń retí.

Ìgbà tí ẹ dé náà wà lára ohun tó fà á. Ẹni tó kó dé ní oṣù Karùn-ún bá àwọn èèyàn níta, nídìí koríko tí wọ́n ń gé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ, ìyẹn National Night Out, ọ̀pọ̀ àdúgbò, Minneapolis ní pàtàkì, ń dí títì wọn pa láti jẹun pọ̀. Lílọ yín lọ́jọ́ yẹn á jẹ́ kí ẹ mọ odindi òpópónà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó dé ní oṣù Kọkànlá bá ilẹ̀kùn títì, ó sì lè rò pé òun ni wọ́n tì í mọ́.

Ohun kan tó ń tètè ba gbogbo èyí jẹ́ ni gbólóhùn náà, “Ní Texas, báyìí kọ́ la ṣe ń ṣe é.” Kódà bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ gbé e mì fún ọdún àkọ́kọ́.

Yìnyín rọ̀ ní Minneapolis, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ wa lọ lóru. Lọ́sẹ̀ kejì, ìjọba ìlú kọ̀wé sí wa pé a ò kó yìnyín kúrò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé. Ṣé aládùúgbò ló fẹjọ́ wa sùn? (Bàbá kan, láti Atlanta)

Ó ṣeé ṣe, sà. Wọn kì í fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni, fóònù ìjọba ìlú ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ń ti ibẹ̀ kọjá lè ṣubú kó fi ìdí dá, nítorí náà òfin ni, kì í ṣe ìṣọ̀tá. Ní Minneapolis, ilé onídìílé kan tàbí méjì ní wákàtí 24 lẹ́yìn tí yìnyín bá dá láti kó o kúrò; ilé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin ojúmọmọ. Gbogbo ìbú ọ̀nà náà ni kí ẹ kó, dé orí kọ́ńkéré.

Ti ọkọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni Snow Emergency ń gbà, ìyẹn ìkéde tí ìlú ń ṣe kí wọ́n lè ráyè kó yìnyín kúrò ní títì. Ọjọ́ kìn-ín-ní, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀, ẹ má páàkì sí ẹ̀gbẹ́ kankan ní òpópónà tí wọ́n ti fi àmì Snow Emergency sí. Ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, ẹ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tí nọ́ńbà ilé rẹ̀ ṣeé pín sí méjì ní àwọn títì yòókù. Ọjọ́ kẹta, ní aago kan náà, ó kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi tí àlejò ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n rò pé ó ti tán. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ìlú máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Fún ẹni tó wà ní Chicago, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, aago mẹ́ta òru sí méje àárọ̀, kò sí ìpáàkì ní àwọn títì ńlá tí wọ́n kọ ọ́ sí, yìnyín ìbáà rọ̀, kó má rọ̀. Bí ẹ bá sì rí àga onígi tí wọ́n gbé síbi tí wọ́n ti kó yìnyín kúrò níbẹ̀, ẹ má sún un. Òfin ò tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ibẹ̀ kò ní gbàgbé ọkọ̀ yín.

Omi ìfọgíláàsì tí ẹ gbé láti Georgia yóò dì. Ẹ da á nù, kí ẹ ra èyí tí wọ́n kọ -20°F sí lára. Bí òtútù bá fi 10°F lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà ń dín ní nǹkan bíi psi kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà), ẹ máa wọ̀n ọ́n. Bátìrì tó ti gbó kì í rí òtútù oṣù Kìn-ín-ní já, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ìgbà òtútù tó dé. Kí epo má rẹlẹ̀ ju ààbọ̀ táǹkì lọ. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì kékeré àti àpò yanrìn kan sẹ́yìn ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá rì sínú yìnyín, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ẹnu páìpù èéfín kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, nítorí èéfín tó bá padà wọlé kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Ní ti aládùúgbò, bí ẹ bá ti kó tiyín tán, ẹ kó ìṣísẹ̀ mẹ́ta wọ ti ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Kò sí lẹ́tà ìkíni tó tó o. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ló fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbá tiyín, ẹ má fún un lówó. Ẹ gbé oúnjẹ fún un.

Nọ́ọ̀sì ni mí, láísẹ́ǹsì Texas tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ń ronú Ohio tàbí Minnesota. Ìwé wo ni kí n tètè ṣe?

Láísẹ́ǹsì ni kí ẹ fi yan ibẹ̀, kì í ṣe ìyẹn nìkan, ṣùgbọ́n òun ni kó ṣíwájú. Ohio wọ inú àdéhùn àwọn nọ́ọ̀sì, èyí tó ń jẹ́ kí láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tó wà nínú rẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2023. Ẹ lè fi ti Texas bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Kìn-ín-ní 2024, ọjọ́ 60 ni ẹni tó kó láti ìpínlẹ̀ àdéhùn kan sí òmíràn ní láti fi béèrè ti ilé tuntun. Minnesota, Illinois àti Michigan kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ẹ béèrè láísẹ́ǹsì tiwọn kí ẹ tó di ẹrù, ẹ má sì gba ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó jáde.

Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀: ọjọ́ 30 ní Ohio àti Iowa, 60 ní Indiana àti Minnesota, 90 ní Illinois (ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 ni wọ́n fún ọkọ̀ fúnra rẹ̀). Ibi tí tiwa ti máa ń há ni orúkọ. Bí ìwé ìbí bá sọ orúkọ bàbá, tí káàdì ìgbélùú sì sọ ti ọkọ, wọ́n á béèrè ìwé ìgbéyàwó tó so méjèèjì pọ̀. Ẹ mú ojúlówó dání, àti ẹ̀rí àdírẹ́sì méjì. Ẹni tó ti Texas wá kò san owó orí ìpínlẹ̀ rí. Ní Ohio, àwọn ìlú náà ń gba tiwọn, Columbus ń gba 2.5%. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó oṣù tí wọ́n ṣèlérí.

Ní gbogbo ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù, fèrè ńlá kan ń dún ní aago kan ọ̀sán ní Minnesota. Ẹ̀rù ń bà wá.

Wọ́n ń dán fèrè ìjì wò ni. Ní Illinois, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní Columbus, gbogbo Ọjọ́rú ní ọ̀sán gangan. Bí ó bá dún ní àkókò mìíràn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa: dúdú ni wá. Ṣé a lè ra ilé ní ìlú kékeré níbẹ̀? (Tọkọtaya, láti Maryland)

A ò ní fi pa mọ́. Láàárín 1910 sí 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn dúdú ló kúrò ní ìpínlẹ̀ Gúúsù, ọ̀pọ̀ wọn sì lọ sí Chicago, Detroit, Cleveland àti Milwaukee. Àlejò láti ìpínlẹ̀ mìíràn làwọn náà, a sì mọ irú ọwọ́ tí wọ́n fi gbà wọ́n: ní Chicago, ìjà ẹ̀yà oṣù Keje 1919 pa èèyàn 38. Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni dúdú kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Goshen, ní Indiana, jẹ́wọ́ ní gbangba ní 2015 pé òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìlú tó lè sọ ìtàn rẹ̀ báyìí rọrùn láti bá gbé ju èyí tó ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ní òní, ọ̀pọ̀ yóò gbà yín tọwọ́ tẹsẹ̀, àwọn kan yóò máa wò yín ní ìwò-kúwò. Ẹ lọ ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó sanwó, lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Kejì, lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Keje. Ẹ jókòó wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọmọ girama ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo ìlú ló ń wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tí kò jọ tiwọn sọ̀rọ̀. Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ léèrè iye ọmọ tuntun tó wọlé lọ́dún yìí àti ẹni tó ń mú wọn rìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní orúkọ ẹni náà lẹ́nu, ìyẹn ti dára. Ẹ wọn ìrìn dé ilé onídìrí, ilé ìtajà iṣu àti gàrí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ní ojú ọjọ́ tí yìnyín ń rọ̀.

Bí wọ́n bá ní ilé ti lọ, tí ẹ sì fura, ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ ní kí ọ̀rẹ́ kan pè wọ́n lọ́jọ́ kan náà láti béèrè ilé yẹn. Òfin ilé gbígbé ti 1968, tó ka fífi àwọ̀ du èèyàn nílé léèwọ̀, wà níbẹ̀: ọdún kan lẹ ní láti fi ẹjọ́ sun HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ọdún méjì láti lọ sílé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ háyà ilé fún oṣù 12 kí ẹ tó ra èyíkéyìí, kí ẹ ti lo ìgbà òtútù kan níbẹ̀.