Òkìtì Ẹ̀yìn Lórí Yìnyín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ń fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó sì fẹ́ máa ta òkìtì sẹ́yìn. Ṣé kò ní fi ọrùn ṣẹ́? — Òǹkàwé, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín, nítorí àwọn tó ń díje nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì, tí wọ́n ti ń gba àmì-ẹ̀yẹ fún un láti ọdún 1994, pàápàá máa ń kọ́ òkìtì tuntun lórí tiramupolíìnì (aṣọ líle tí wọ́n nà, tó máa ń ta èèyàn sókè), lẹ́yìn náà kí wọ́n fò bọ́ sínú adágún omi pẹ̀lú pákó lẹ́sẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni jíju orí sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta òkìtì lórí iyanrìn nílé níbí mọ ìyà rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ fò sókè ṣánṣán, lójú olùkọ́. Akoto pọn dandan, ṣùgbọ́n kì í dáàbò bo ọrùn.