Ọ̀kín lára ògiri, àdìrẹ lójú fèrèsé, ère lẹ́bàá ilẹ̀kùn: kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìbéèrè: Asalaamu alaekun, Àlùfáà. Èmi àti baálé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Pálọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 16. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó àwòrán ilé tó wù mí jọ sórí fóònù láti Pinterest àti Instagram. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bébà ògiri tí wọ́n ya ọ̀kín sí, kọ́tíìnì àdìrẹ, fọ́tò ìgbéyàwó wa mẹ́ta nínú férémù ńlá, àti Áyátúlù-Kúrísíyyù aláwọ̀ góòlù tí yóò kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ baálé mi kan sì fún wa ní ère ìyá tó pọn ọmọ nígbà níkàá wa, iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére ìlú yìí, mo sì fẹ́ gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Baálé mi ní hàráámù ni gbogbo rẹ̀, pé ọ̀dà funfun àti ẹní ti tó Mùsùlùmí. Èmi ní Ọlọ́hun rẹwà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà. Ta ló jàre nínú wa?

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam. Ẹ kú oríire ilé, Ọlọ́hun á jẹ́ kó tura fún yín.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ibi tí ẹ ti jàre. Hádíìsì tí ẹ fà yọ yẹn wà nínú ìwé hádíìsì tí Muslim kó jọ, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ ìgbéraga ló ti jáde. Ẹnì kan béèrè bóyá ìgbéraga ni kí aṣọ àti bàtà èèyàn dára. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní Ọlọ́hun rẹwà, Ó sì fẹ́ràn ẹwà, pé kíkọ òtítọ́ àti fífojú tín-ínrín èèyàn ni ìgbéraga. Kò sọ pé gbogbo ohun tó bá ti dùn ún wò ni ká gbé wọlé. Ní ti baálé yín, kó lọ ka Súrà Al-Aaráfù, áyà 32: ta ló ṣe ọ̀ṣọ́ tí Ọlọ́hun mú jáde fún àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ léèwọ̀? Ẹni tó bá ní nǹkan jẹ́ hàráámù, òun ni yóò mú ẹ̀rí wá.

Ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti ṣì í ni pé orí ohun tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ lẹ ti ń jiyàn. Ibi tí ẹ ó ti máa forí kanlẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Itban ọmọ Malik, sàhábà (ọmọlẹ́yìn Ànábì) tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, bẹ Ànábì kó wá kírun níbì kan nínú ilé òun kí òun lè sọ ibẹ̀ di ibi ìrun. Bí Ànábì ti wọlé, kó tó jókòó rárá, ohun tó béèrè ni pé: “Níbo lo fẹ́ kí n ti kírun nínú ilé rẹ?” Bukhari ló gbà á wá. Ìbéèrè yẹn náà ni kí ẹ bi pálọ̀ yín kí télọ̀ àti pẹ́ńtà tó dé.

Láti Òṣogbo, Kíbúlà, ìyẹn ìhà Káába tí à ń kọjú sí nínú ìrun, wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 64 lórí kọ́ńpáàsì, bí a bá kà á láti àríwá wá sí ìlà oòrùn. Kì í ṣe ojú ìlà oòrùn gan-an bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lò ó. Bí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀n 90, ẹ yà sí ọwọ́ òsì ní nǹkan bí ìwọ̀n 26. Ẹni tó ti ń kọjú sí ìlà oòrùn tẹ́lẹ̀ kò ní dá ìrun kankan pa dà, torí ìhà Kíbúlà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ó pọn dandan fún ẹni tó jìnnà sí Káába. Ṣùgbọ́n ilé tuntun lẹ wà yìí, kí ló dé tí ẹ kò ní ṣe é dáadáa?

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù wò ó, ẹ kọ́kọ́ fi í kọ 8 nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kí kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ lè jí. Ẹ má dúró sí ìtòsí irin fèrèsé, fíríìjì tàbí spíkà, irin àti mágínẹ́ẹ̀tì máa ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣìnà. Ẹ wò ó níbi mẹ́ta nínú pálọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ẹ lọ wò ó ní gbangba ìta, kí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn tẹ́ ẹní ìrun bá ilà táìlì. Táìlì kò mọ Kíbúlà. Ògiri ilé ni ẹni tó tò ó tẹ̀ lé, bí ilẹ̀ sì ṣe rí ni ẹni tó kọ́lé tẹ̀ lé. Bí ẹní yín bá dábùú táìlì, ẹ jẹ́ kó dábùú.

Ẹni kan nílò ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú àti 4 ní gígùn kó lè forí kanlẹ̀ láìkọlu nǹkan. Bí baálé yín bá ṣíwájú, tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, sàfù (ìlà ìrun) méjì nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà 8 nínú 16 tí ẹ ní. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tábìlì onígíláàsì ràgàjì tó máa ń wà láàárín pálọ̀ nínú àwọn àwòrán orí fóònù yẹn kò sí fún yín. Àpótí kékeré méjì tí ọmọdé lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ rà.

Ògiri tó bá wá bọ́ síwájú ilà ṣọ́ọ̀kì yẹn, ẹ fún baálé yín ní ọ̀dà funfun rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má gbé ohunkóhun kọ́ ọ. Aishah, ìyàwó Ànábì, ní aṣọ aláwòrán kan tó fi bo ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá rẹ̀. Ànábì ní kó mú un kúrò, pé àwọn àwòrán rẹ̀ kò yéé yọ sí òun nínú ìrun. Ọjọ́ mìíràn, aṣọ tó ní ọnà lára ló wọ̀ kírun. Ojú rẹ̀ lọ sára ọnà náà lẹ́ẹ̀kan péré. Bó ti parí, ó ní kí wọ́n gbé e pa dà fún Abu Jahm tó fi ta òun lọ́rẹ, kí wọ́n bá òun gba èyí tí kò ní ọnà wá. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ẹyẹ tàbí ẹran nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, ọnà lásán ni. Imam Malik náà, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣe sí iwájú mọ́ṣáláṣí Mẹ̀dínà, ní àwọn èèyàn kórìíra rẹ̀ torí pé ó ń gbé ọkàn wọn lọ nínú ìrun. Nítorí náà, tẹlifíṣọ̀n, díńgí àti bébà olódòdó, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni kí wọ́n wà. Díńgí kì í ba ìrun jẹ́ o, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ta ló kàn fẹ́ máa wo ara rẹ̀ ní rúkúù?

Ó wá kan ọ̀kín. Ànábì sọ pé àwọn màláíkà kì í wọ ilé tí ajá tàbí àwòrán bá wà. Ìgbà kan tún wà tí màláíkà Jibril dé ẹnu ọ̀nà tí kò wọlé, nítorí ère tó wà níbẹ̀, kọ́tíìnì aláwòrán àti ajá. Ó ní kí wọ́n gé orí ère náà kó lè dà bí igi, kí wọ́n gé kọ́tíìnì náà sí tìmùtìmù méjì tí wọn yóò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì lé ajá jáde. Abu Dawud àti Tirmidhi gbà á wá. Ṣùgbọ́n kọ́tíìnì aláwòrán wà ní ẹnu ọ̀nà Zayd ọmọ Khalid, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ sàhábà. Nígbà tí ìyẹn ya àwọn tó wá kí i lẹ́nu, ẹnì kan nínú wọn rán èkejì létí pé Zayd ti fi kún hádíìsì màláíkà yẹn pé “àyàfi iṣẹ́ ọnà lára aṣọ.” Inú Bukhari ni eléyìí náà wà.

Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti pín. Lọ́nà Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ère ohun ẹlẹ́mìí tó pé ní ẹ̀yà ara, tó ní òjìji, hàráámù ni. Èyí tí wọ́n yà sára aṣọ tàbí ògiri jẹ́ mákúrúù, ohun tí ẹ̀sìn kórìíra ṣùgbọ́n tí kò ṣe léèwọ̀. Èyí tó wà lára ohun tí à ń tẹ̀ tàbí tí à ń jókòó lé tún fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Àwọn mìíràn ní hàráámù ni ti ara ògiri pàápàá, nítorí náà baálé yín kò dá nìkan wà lórí èyí. Lójú tèmi, ẹ fi ọ̀kín sílẹ̀. Sàhábà Ibn Abbas sọ fún ayàwòrán kan pé bí kò bá lè ṣe kó má yà, kó ya igi àti ohun tí kò lẹ́mìí. Ewé, ìtànná, ilà àti igun pọ̀ lọ́jà ju ọ̀kín lọ.

Bí ẹ bá yan olówéé, róòlù kan sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 53, gígùn rẹ̀ á jẹ́ mítà 10. Ògiri yín tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ga tó 10, yóò gba ìlà méje, róòlù kan á sì yọ mẹ́ta, nítorí náà ẹ ra mẹ́ta. Bí ewé rẹ̀ bá tóbi tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu láti ìlà sí ìlà, ẹ fi ọ̀kan kún un. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹ fún un ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Ẹ fi sẹ̀lótéèpù lẹ ọ̀rá tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì mọ́ ọn láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Bí inú ọ̀rá náà bá làágùn, ògiri kò tíì gbẹ. Bí ẹ bá fi agídí lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, etí bébà á ká sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á bu, owó ti wọgbó.

Fọ́tò ìgbéyàwó: àwọn onímọ̀ kan ka fọ́tò kámẹ́rà mọ́ àwòrán tí à ń sọ, àwọn kan ní òjìji èèyàn ni ẹ̀rọ kàn dá dúró. Èyíkéyìí tí ẹ bá tẹ̀ lé, ẹ béèrè ohun kan: irun yín, ọrùn yín, ṣé wọ́n bò nínú fọ́tò náà? Ọ̀rẹ́ baálé yín tí ẹ máa ń wọ ìjáábù fún ni yóò jókòó kọjú sí i. Ẹ fi sínú álúbọ́ọ̀mù.

Àdìrẹ kò ní ẹjọ́ kankan. A kì í pe Òṣogbo ní ìlú aró lásán. Oníko àti alábẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òbìrìkítí àti ilà látòkèdélẹ̀. Inú ẹlẹ́kọ àti bátíìkì alábẹ́là ni kí ẹ ti la ojú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń ya ẹyẹ, ẹja àti èèyàn. Bí ẹ bá ti ra ẹlẹ́yẹ kan, ẹ ṣe bí Aishah ti ṣe: ó gé aṣọ aláwòrán rẹ̀, ó fi rán ìrọ̀rí, Ànábì sì ń fara tì í.

Fèrèsé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 yóò lo ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí kọ́tíìnì tó lè ṣẹ́ dáadáa, aṣọ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ọ̀pá, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí àdìrẹ bá fẹ̀ ní ínǹṣì 45, abala mẹ́ta nìyẹn. Bí kọ́tíìnì yóò bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ẹ fi 1 kún un fún ìṣẹ́tí lókè àti nísàlẹ̀. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 24, yáàdì 8 fún fèrèsé kan. Kí télọ̀ tó gé e, ẹ fi omi tútù ṣan aṣọ náà lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì sá a sábẹ́ ibòji. Àìṣe bẹ́ẹ̀, aró á ràn mọ́ ọ̀dà funfun tí baálé yín fẹ́ràn, ẹ̀ ń wá ìjà nìyẹn. Ẹ ní kó fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ lẹ́yìn, torí oòrùn ọ̀sán máa ń mú àwọ̀ aró ṣá.

Nẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Lọ́sàn-án, ẹni tó wà níta kò rí inú ilé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tan iná lálẹ́, gbogbo pálọ̀ ló wà ní gbangba. Nítorí ojú ni wọ́n ṣe ṣòfin ìyọ̀ǹda kí èèyàn tó wọlé onílé, ohun tí hádíìsì sọ nìyẹn. Ẹ fi aṣọ bo ẹnu kọ́rídọ̀ tó lọ sí yàrá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ẹ ta aṣọ bo odidi ògiri nítorí ẹwà, bí wọ́n ti ń ṣe nísinsìnyí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ànábì ní Ọlọ́hun kò pa á láṣẹ fún wa ká máa wọ aṣọ fún òkúta àti amọ̀.

Áyátúlù-Kúrísíyyù, kíkà ni wọ́n ní ká máa kà á nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Kò sí hádíìsì tó ní férémù rẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbé e kọ́ nítorí ààbò, ẹ ti fẹ́ sọ ọ́ di tírà. Bí ẹ bá fi ń rán ara yín létí láti kà á, àwọn onímọ̀ kan gbà, àwọn kan kórìíra rẹ̀. Ẹ ṣí Kùránì sí Bákárà 255 kí ẹ fi wé e kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kan wà lọ́jà tí àmì tàbí odidi lẹ́tà ti fò lára wọn. Ṣúkúrù àti ike rẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e kọ́, ìṣó lásán á tú, áyà á sì já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kì í ṣe góòlù, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Owó gbogbo èyí ńkọ́? Ẹ má yá owó eléèlé nítorí àga. Ànábì ní ibùsùn kan fún ọkọ, kan fún ìyàwó, ẹ̀kẹta fún àlejò, ẹ̀kẹrin ti Ṣàìtánì ni. Àwọn àwòrán orí fóònù yẹn, àwọ̀ àti bí wọ́n ṣe to nǹkan ni kí ẹ mú níbẹ̀, ẹ má ka iye ohun tó wà nínú wọn.

Ère ni mo fi sẹ́yìn, torí òun ló le jù. Ó pé, ó ní òjìji, ẹnu ọ̀nà lẹ sì fẹ́ gbé e sí, bí èyí tí Jibril rí gẹ́lẹ́. Baálé yín ló jàre níbí. Ẹ má tà á, torí hádíìsì tí sàhábà Jabir gbà wá ka títa ère mọ́ títa ọtí àti òkúǹbete. Ẹ má sì dáná sun ún níwájú ará àdúgbò bí ẹni ń jagun. Súrà Al-Anámù, áyà 108, kọ̀ fún wa láti bú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń pè, Òṣogbo la sì ń gbé, a mọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Kí baálé yín fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e pa dà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, kó ní ẹ̀bùn náà dé ọkàn àwọn, ẹ̀sìn ni kò gba àwọn láyè. Bí ó bá ní òun fẹ́ fi nǹkan mìíràn rọ́pò, ẹ ní kó bá yín wá igbá fínfín tàbí ìkòkò amọ̀ olónà, èyí tí wọn kò ya ojú sí. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.