Báwo ni ìrántí òǹkọ̀wé ṣe ń di àmì nínú ìwé ìtàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin ń ka My Ántonia tí Willa Cather kọ, níléèwé wọn ní Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ pé ohun ìtúlẹ̀ tó wà nínú ìwé náà dúró fún iṣẹ́ àṣekára. Tíṣà dá a padà, ó ní kó lọ ṣàlàyé bí ìrántí òǹkọ̀wé àti àmì ṣe wọnú ara wọn. Kí ni kó ṣe? Ṣé Cather gan-an ni Jim tó ń sọ ìtàn náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Rárá, Jim kì í ṣe Cather, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé Nebraska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Virginia ni wọ́n bí Cather sí lọ́dún 1873, àwọn òbí rẹ̀ sì kó o lọ sí Nebraska ní 1883, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó sí pápá ibẹ̀. Virginia ni Jim náà ti wá, àmọ́ ọkùnrin ni, kò sì ní bàbá àti ìyá mọ́. Ní ti Ántonia, ọmọbìnrin tí Jim ń sọ ìtàn rẹ̀, Anna Sadilek ni Cather fi ṣe àwòkọ́ rẹ̀, ọmọ Bohemia (tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí) kan tó ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílùú Red Cloud ní Nebraska.

Bàbá Anna pa ara rẹ̀. Cather kò tíì dé Nebraska nígbà náà, ẹnu ará àdúgbò ló ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1892, nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, ó fi kọ ìtàn kékeré kan tó pè ní “Peter”. Bàbá fọ́ fáyólìn rẹ̀, ó yìnbọn pa ara rẹ̀, ìtàn parí. Ìgbà tó tún padà sídìí ọ̀rọ̀ yìí nínú My Ántonia, ní 1918, ikú náà ò kàn parí síbẹ̀ mọ́.

Nínú ìwé náà, bàbá Ántonia, Bàbá Shimerda, ló pa ara rẹ̀. Òtútù ti mú kí ilẹ̀ dì débi pé àáké ni wọ́n fi gbẹ́ sàréè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní dandan, igun ilẹ̀ àwọn ni kí wọ́n sin ín sí, níbi tí ọ̀nà méjì máa pàdé lọ́jọ́ iwájú. Bàbá àgbà Jim ní àwọn èèyàn ibẹ̀ ò ní gun ẹṣin kọjá lórí ẹni náà láé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà dé lóòótọ́, àmọ́ méjèèjì rọra yà fún sàréè, koríko pupa sì ga níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gé. Koríko yẹn ló bo gbogbo pápá nígbà tí Jim dé. Wọ́n ti tú ìyókù tán. Orí sàréè ẹni tí ilẹ̀ náà borí nìkan ni koríko náà ṣẹ́ kù sí. (Kó má mú Èṣù wọ̀ ọ́ nítorí oríta o! Àṣà Bohemia àtijọ́ nípa sísin ẹni tó pa ara rẹ̀ ni ìwé náà mẹ́nu bà.)

Ohun ìtúlẹ̀ wá ńkọ́? Àmì inú ìwé ìtàn kì í ṣe àrokò tí ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kó tún ibẹ̀ kà. Jim ti fẹ́ lọ sí yunifásítì. Òun àtàwọn ọmọbìnrin lọ ṣeré létí odò, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn ohun ìtúlẹ̀ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ lóko, ohun ìtúlẹ̀ náà sì tóbi bàǹtà-banta lójú wọn. Kò pẹ́, oòrùn wọ̀, ó sì padà di kékeré. Apá kejì yìí ni ọmọ yín fò. Iṣẹ́ àṣekára kọ́ ló ń tóbi tó sì tún ń kéré bẹ́ẹ̀, ìrántí ni.

Bó bá fẹ́ nǹkan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í yà sí, kó mú olú gbígbẹ tí ìyá Ántonia fún ìyá àgbà Jim. Ìyá àgbà ò mọ̀ ọ́n, ó jù ú síná. Jim ti gé díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Adùn àjèjì yẹn ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó mọ̀ pé olú ni, pé àtọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ bọ̀. Kó béèrè ohun tí Jim ọmọdé mọ̀ níbẹ̀, àti ohun tí Jim àgbà fi kún un. Ojú ewé kan tó fún un láti dáhùn tíṣà.