Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn: ṣé ọjọ́ kan tó fún Skipton?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé. Ìyá mi, ẹni ọdún 68, ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù karùn-ún. Wọ́n ti dé London rí, wọ́n ní ilé gogoro ti sú àwọn, pé kí n mú àwọn lọ síbi tí àwọn ti máa rí ìlú òyìnbó àtijọ́ àti oko wọn. Ẹnì kan dárúkọ Skipton fún mi, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Leeds. Mi ò ní mọ́tò, eékún sì máa ń dun màmá. Ṣé ọjọ́ kan tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra àlejò. Ọjọ́ kan tó, tí ẹ bá ti mú ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ná an. Ọjọ́rú lèmi máa ń mú àwọn àgbàlagbà lọ. Èrò Àbámẹ́ta ti pọ̀ jù. Ẹ tètè jí, torí kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́jà ti ń palẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló máa gbé yín láti Leeds dé ibẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Bí màmá bá máa pẹ́ díẹ̀ nílùú òyìnbó, ẹ fi páásípọ́ọ̀tù wọn ra Senior Railcard, káàdì ẹni ọdún 60 sókè. Ó máa ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ kúrò. Tó bá jẹ́ ìrìn ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ má wulẹ̀ náwó sí i.

Àlàyé yín kò ní pọ̀ fún màmá tí ẹ bá dé ọjà náà. Ojú títì High Street ni wọ́n ń pàtẹ sí, ẹnu ọ̀nà Skipton Castle, ilé olódi àtijọ́ ìlú náà, sì wà lókè títì náà, bí ọjà ọba ṣe ń wà níwájú ààfin nílé. Ọba John ló fún wọn níwèé àṣẹ ọjà ní 1204. Àgùntàn ló sọ ìlú náà lórúkọ, irun àgùntàn ló sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ná ọjà síra wọn níbẹ̀ o, ẹ tètè sọ fún màmá kí wọ́n má bàa dá iye tiwọn lé e. Páì ni ìlú náà fi lókìkí, àmọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí màmá kì í bá jẹ ẹ́, wàràkàṣì Wensleydale wà níbẹ̀.

Ẹ sanwó wọ ilé olódi náà. Òkúta ni àtẹ̀gùn rẹ̀, kò sì tẹ́jú, kí màmá rọra gùn ún. Bí eékún bá kọ̀, kí wọ́n jókòó sínú àgbàlá lábẹ́ igi yew, kí ẹ sọ ìtàn Anne Clifford, ọmọ ẹni tó ni ilé náà nígbà kan, fún wọn. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí ní 1590. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1605, àbúrò bàbá náà ọkùnrin ló fi ogún sílẹ̀ fún, kò fún Anne, ọmọbìnrin tó bí. Anne àti ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní 1617, Ọba James dá ẹjọ́ náà, ó dá a lẹ́bi, síbẹ̀ kò gbà. Ìgbà tí ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kú ní 1643 láìní àrólé ọkùnrin ni ogún tó kàn án. Anne ti lé ní ẹni 50 ọdún nígbà náà. Ogun abẹ́lé sì ti ba ilé náà jẹ́ kó tó ráyè padà síbẹ̀, òun ló tún un kọ́. Ní 1659 ló gbin igi yẹn. Mi ò tíì mú ìyá Yorùbá kan débẹ̀ tí kò ní ẹjọ́ ogún tiẹ̀ láti sọ.

Ní ti oko, ẹ̀yìn ilé olódi náà gan-an ni kánáálì tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ wà, ẹ̀ka èyí tó lọ láti Leeds dé Liverpool. Etí rẹ̀ tẹ́jú, ó dára fún eékún, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé àlejò níbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa darí yín sí abúlé Malham, níbi tí àpáta kan ti ga tó nǹkan bíi mítà 80. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láìní mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Bolton Abbey ni kí ẹ wọ takisí lọ, kò jìnnà. Àwókù ilé àwọn àlùfáà tó ń gbé pọ̀ láti jọ́sìn láyé àtijọ́ wà níbẹ̀ létí odò Wharfe. Ọba Henry Kẹjọ ló tú wọn ká ní 1539, àmọ́ wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú apá kan rẹ̀. Àwọn òkúta kan wà tí wọ́n fi ń sọdá odò: ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa fò wọ́n, kí ẹ̀yin gba orí afárá. Lókè odò náà ni Strid wà, níbi tí omi ti fún débi pé ó jọ ohun tí èèyàn lè fò. Ó ti pa ènìyàn. Ẹ má sún mọ́ etí rẹ̀.

Bí màmá bá bẹ̀rù pé olóko á lé yín, ẹ fi pátákó Public Footpath hàn wọ́n: òfin ló fún gbogbo ènìyàn ní ọ̀nà yẹn, kódà láàárín pápá àgùntàn. Géètì tí ẹ bá ṣí, ẹ tì í padà. Ẹ yà fún màlúù tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oṣù karùn-ún ṣì ń tutù níbẹ̀. Ẹ̀wù òjò ni kí ẹ mú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé agboòrùn nítorí atẹ́gùn, kí ẹ sì ti bá onítakisí sọ wákàtí tó máa padà wá gbé yín kó tó lọ.