Ohùn ń kẹ́yìn àwòrán

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo fi Bluetooth so sípíkà méjì mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo gbé wọn sẹ́yìn àga, àmọ́ òṣèré á ti panu dé kí n tó gbọ́ ohun tó sọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bluetooth yẹn gan-an ni wàhálà yín o, ó máa ń falẹ̀, ohùn ọ̀tún àtòsì nìkan ló sì sábà máa ń gbé, bẹ́ẹ̀ 5.1, ìyẹn ètò ohùn tó máa ń yí èèyàn ká, ń fẹ́ sípíkà márùn-ún àti subwoofer kan, ìyẹn sípíkà tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún kìì jáde. Ẹ wá soundbar, ìyẹn sípíkà gbọọrọ tí wọ́n ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ní sípíkà ẹ̀yìn tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ ojú HDMI tí wọ́n kọ ARC sí lára tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde. Ẹ má gbé àwọn sípíkà ẹ̀yìn sẹ́yìn pátápátá, ẹ̀gbẹ́ yín ni kó wà, kó fà sẹ́yìn díẹ̀, bíi dígírì 110 sí 120 tẹ́ ẹ bá ka ọ̀gangan iwájú yín sí òdo, kó ga ju etí lọ. Àwọn sípíkà ẹ̀yìn yẹn ṣì máa lo iná ṣá o, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.