Iná pupa lókè òjò: báwo ni mo ṣe lè yà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣakí ni mò ń gbé. Òjò ńlá kan dá lóru, mànàmáná rẹ̀ ṣì ń kọ mànà lọ́nà jíjìn lápá ìwọ̀-oòrùn. Lójijì, iná pupa kan tàn lókè ìkùukùu náà, ó sì pòórá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ojú ló ń ṣe mí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè ya àwòrán rẹ̀?

Ìdáhùn: Ojú kọ́ ló ń ṣe yín. Ohun tí ẹ sọ yìí jọ èyí tí àwa onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní sprite. Ó pẹ́ tí àwọn awakọ̀ òfurufú ti ń ròyìn rẹ̀ tí a kò gbà wọ́n gbọ́, títí onímọ̀ físíìsì kan, John Winckler, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà fi ṣèèṣì ká a sínú fídíò ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1989. Kámẹ́rà ni wọ́n ń dán wò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn òjò tí ẹ ti rí i gan-an ló dùn mọ́ mi. Òjò oníjì tiwa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, á forí lé ìwọ̀-oòrùn. Iwájú ni ìjì àti ọ̀wàrà wà. Ẹ̀yìn ni ìkùukùu tó tẹ́ rẹrẹ, tí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Inú ìkùukùu ẹ̀yìn yìí ni mànàmáná tó ń kó iná pọ́sítíìfù (irú iná tí a ń fi àmì + hàn) púpọ̀ wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti sábà ń jáde. Bó bá ti kó o wálẹ̀, agbára iná tó wà lókè á ru sókè lójijì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀, láti nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 90, fẹ́lẹ́ débi pé iná tètè ń là á kọjá, náítírójìn inú rẹ̀ á sì tàn pupa: ìyẹn ni sprite.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òjò jìnnà tó kìlómítà 150 sí 300. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ àrá, ẹ wọlé: sprite kì í kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n mànàmáná abẹ́ rẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹ wá ibi tó ṣókùnkùn, lóru tí kò sí òṣùpá. Ẹ na ọwọ́ yín tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ sì wọn ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ kan sí méjì àbọ̀ sókè láti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run; ibẹ̀ ni kí kámẹ́rà kọjú sí, kì í ṣe ìkùukùu. Ẹ la ojú lẹ́ńsì dé òpin, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) 3200 sókè, ìṣẹ́jú àáyá méjì fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, kó máa yà á léra léra. Fóònù kì í sábà rí i.

Kí èèyàn tó ṣẹ́jú ló ti lọ, torí náà ẹ lè jókòó fún wákàtí méjì kí ẹ tó mú ẹyọ kan. Bí ẹ bá mú u, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ aago rẹ̀ sílẹ̀ ní pàtó, ẹ má sì gé ìràwọ̀ kankan kúrò nínú àwòrán náà. Ìràwọ̀ wọ̀nyẹn la ó fi ṣírò bó ṣe ga tó.